Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí nídìí àpótí ìbò

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó sọ tirẹ̀. Mo ti ba ìbò jẹ́ rí. Ìbò tèmi fúnra mi ni o, n ò gbé àpótí ẹnikẹ́ni sá lọ.

Ọjọ́ ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ni, 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Mo ti wà lórí ìlà kí aago mẹ́jọ tó lù. Nígbà tí wọ́n nawọ́ ìwé ìdìbò sí mi, ó gùn débi pé mo rò pé méjì ni wọ́n fún mi. Ẹgbẹ́ òṣèlú 48 ló fa olùdíje kalẹ̀ lọ́dún yẹn! Kò sí orúkọ ẹnì kankan lórí ìwé náà, kò sí fọ́tò. Àmì ẹgbẹ́ kéékèèké ni wọ́n tò jọ síbẹ̀ bíi bọ́tìnnì inú agolo. Mo rí èyí tí mo ń wá. Àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì ti ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà bí ẹni ń ki òkèlè bọ ọbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gun orí ìlà, ó kan ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Mo tún wá ká ìwé náà bí mo ṣe ń ká aṣọ oníbàárà, tàdáwà bá lẹ̀ mọ́ apá kejì. Mo wò ó, mo ní yóò yé wọn. Mo jù ú sínú àpótí.

N ò mọ̀ pé mo lè dá a padà fún òṣìṣẹ́ kó fún mi ní òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí n ò tíì jù ú sínú àpótí. Ta ni ì bá sọ fún mi? Èmi náà ò bèèrè.

Mo dúró de kíkà. Wọ́n ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wa lè rí i. Nígbà tó kan tèmi, mo dá a mọ̀ bí mo ṣe máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ̀ lára aṣọ. “Èyí ò ṣe é kà.” Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wolẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá kéde èsì ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bù máṣọ. 254,698 sí 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín àwọn méjì tó ṣíwájú, ní odindi ìpínlẹ̀ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 30. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láwọn ibùdó méje tí wọ́n fagi lé ìbò wọn jẹ́ 3,498, ìyẹn sì ju 353 lọ fíìfíì, ni wọ́n bá ní ìdìbò ò tíì parí. Ọjọ́ 27 ni wọ́n padà lọ dì í níbùdó méjèèje. Ọ̀kan wà ní Òṣogbo níbí, kì í ṣe tiwa. Gbogbo Nàìjíríà ń wo ibùdó méje, èmi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń rò nípa ìwé kan ṣoṣo tí mo sọ di àkísà.

Láti ìgbà náà, bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, mo máa ń ya àpótí sórí pépà tí a fi ń gé pátánì, mo máa gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ wa, kí kálukú wá tẹ̀ka. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá tó ti fi 30 ọdún ránṣọ tí ìlà wọn kì í wọ́ náà ń tẹ orí ìlà.

Ó yá, ta ló kàn?

Bàbá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀ lẹ̀ ń jayé. Ní oṣù kejìlá 1991, nígbà tí a kọ́kọ́ yan gómìnà fún Ọ̀ṣun (oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá lára Ọ̀yọ́), orí ìlà la tò sí, lójú gbogbo ayé. Àwọn ẹlẹ́ṣin, ẹgbẹ́ SDP, lápá kan, àwọn ẹlẹ́yẹ idì, ẹgbẹ́ NRC, lápá kejì. Èmi wà lẹ́yìn ẹṣin. Mo gbójú sókè báyìí, lánlọ́ọ̀dù mi ló wà lẹ́yìn idì. Ó wò mí, mo wò ó. Kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun fẹ́ lo yàrá mi fún ọmọ òun tó ń bọ̀ láti Èkó. Mo kó lọ sí Òkè-Baálẹ̀. Títí tí bàbá náà fi kú, ọmọ yẹn ò dé.

N ò sọ pé kò ní dáadáa tirẹ̀ o. Gbogbo wa la jọ ń ka orí, kò sí pé ẹnì kan lọ yí nọ́ńbà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ìbò tó lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni, ọkàn líle ló ń fẹ́. Wọ́n ti wá fún yín ní ìkọ̀kọ̀ báyìí, ẹ tún ń fọwọ́ ara yín tú u. Mo rí ọmọ kan níbùdó wa tó gbé ìwé rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó ká a, kí ẹni tó fara ti ògiri lè rí ibi tó tẹ̀. Dìbò kóo sebẹ̀! Ọbẹ̀ ọjọ́ mélòó?

Àgùnbánirọ̀ Àná

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ 16 oṣù keje 2022, èmi ni ọ̀gá ibùdó kan lágbègbè Ìgbọ̀nà, igbákejì mi ló di BVAS mú, ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀. Ìyá onígààrí kan dé, ẹ̀rọ ò gba ìka rẹ̀. Ọ̀tún, òsì, ó nu ún mọ́ ìró, kò gbà. Gààrí ti jẹ ìlà ọwọ́ Màmá tán. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn. Màmá wojú mi, ó ní, “Ṣé wọ́n fẹ́ sọ pé èmi kọ́ ni èmi ni?”

Mo ní, “Rárá mà, ó ku ojú yín.” Ó ti gèlè sẹ́yìn, ó wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ya fọ́tò ọdún. Ó wọlé! Àdúrà tí ó ṣe fún mi, ẹ ò ní gbàgbọ́.

Ẹ̀rọ yẹn ń ka iye ènìyàn tó gbà wọlé. Ìwé inú àpótí ò gbọdọ̀ jù ú lọ. Mo ka tiwa lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́ sí EC8A, fọ́ọ̀mù èsì ibùdó. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, wọ́n gba ẹ̀dà tiwọn, a lẹ èsì mọ́ ògiri, mo fi ẹ̀rọ ya fọ́ọ̀mù náà, mo fi ránṣẹ́. Mo rò pé ó parí.

Oṣù kìíní 2023, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ní ìbò ju orí lọ láwọn ibùdó kan, ó yí èsì gómìnà padà. Oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òǹtẹ̀ lù ú. Gbogbo àtótó arére yẹn, orí nọ́ńbà tí irú wa fọwọ́ kọ, àti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, ni wọ́n ń jà sí. Mo tú fóònù mi, mo wá fọ́tò èsì tiwa jáde. Òdo kan tí mo kọ fẹ́ jọ mẹ́fà. Wọn ò dárúkọ ibùdó wa, ṣùgbọ́n títí dòní bí mo bá kọ òdo, mo máa ń pa ẹnu rẹ̀ dé dáadáa.

Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò dìbò mọ́. Ọ̀nà àdúgbò wa bó ṣe wà náà ló wà láti ìgbà tí mo ti ń dì í.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìbò, ṣé ẹ tún lọ bá wọn? Àwa náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Omi gọ́tà máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, a ó gbọ́n ọn, a ó ṣépè, a ó ta ọjà. Ìgbà tó yá, ọmọ mi kan tó ń kàwé ní àwọn 26 tó wà nílé aṣòfin Ọ̀ṣun ló ń fọwọ́ sí ìwé ìṣúná, ká kọ̀wé sí tiwa, ká sì kọ sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kíní, wọ́n ní ọ̀gá rin ìrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Lẹ́tà tí mo fọwọ́ mi fún wọn! Ẹ̀ẹ̀kẹta, a mú ẹ̀dà méjì dání, a ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ọ̀kan, kí á mú un lọ. Akọ̀wé náà wojú wa. Obìnrin 11 ni wá, a jókòó. Ó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà náà dé ìdajì. Lẹ́tà ìdajì kejì wà nínú báàgì mi báyìí.

Bàbá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Aránṣọ, báwo ni wọ́n ṣe wá ń ká ìwé náà?

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ jẹ́ kí tàdáwà fẹ́ díẹ̀, Bàbá, kí ẹ ká a lóòró, kí ibi tí ẹ tẹ̀ má fara kan ẹgbẹ́ míì. Orí ìka díẹ̀ ni kí ẹ fi kan tàdáwà. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù, pépà pátánì pọ̀.

Oníkẹ̀kẹ́, o ò sọ ibi tí ọ̀nà yín wà.

Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ̀yìn Òkè-Oníti ni, Àǹtí. Ẹ má wọ bàtà tó dáa wá.