Kóòtù òtútù fún ọdẹ: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Orí-Ègùn:
Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kú òtútù o. Yìnyín ti ń bọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kóòtù wo ló móoru jù. N kì í dá wọn lóhùn tààrà. Èmi náà á bi wọ́n pé: ṣé ẹ máa jókòó ni àbí ẹ máa rìn? Kóòtù tó gba ẹni tó wà lójú kan lórí ègùn láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, ìyà ni yóò fi jẹ ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran gun òkè.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí àwa mẹ́ta jọ jáde, òtútù ọjọ́ náà tó −12 °C. Òkè ni gbogbo ọ̀nà tó lọ síbi tí a fẹ́ lúgọ. Bàbá tó wà pẹ̀lú wa ká kóòtù wọn ńlá sínú àpò ẹ̀yìn, ẹ̀wù wúùlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti jákẹ́ẹ̀tì kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ni wọ́n wọ̀ rìn. Wọ́n ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń móoru nídìí mọ́tò, aṣọ ọrùn ẹ̀ ti pọ̀ jù." Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ẹnì kẹta wa ní òun ò lè máa gbọ̀n nítorí ẹnikẹ́ni, ó wọ gbogbo tiẹ̀ pátá láti ìsàlẹ̀. Nígbà tá a fi dókè, òógùn ti rin ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ gbingbin. Kò pẹ́ tó jókòó tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ padà sídìí mọ́tò. Bàbá ní tiwọn dúró kí òógùn ara wọn gbẹ, wọ́n wá gbé kóòtù wọ̀, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀.

Kóòtù kì í dá ooru sílẹ̀. Ooru ara ẹni ló ń há mọ́, afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan láàárín ìyẹ́ tàbí fọ́nrán inú rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é. Omi máa ń gbé ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e lọ. Tí òógùn bá ti rin aṣọ abẹ́, kóòtù olówó gọbọi á kàn máa wò ẹ́ ni. Aṣọ òwú ló burú jù lábẹ́, torí ó ń fa omi, kì í sì í tètè gbẹ. Wúùlù ni tèmi.

Adáṣọdẹ:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti ìyẹ́ lèmi fẹ́ sọ. Mo ní kóòtù kan tí wọ́n fi ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ara pẹ́pẹ́yẹ kún, wọ́n kọ 800 sí i lára. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ìyẹ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìyẹn. Rárá o. Bí ìyẹ́ náà ṣe ń wú tó ni, ìyẹn àyè tí ìwọ̀n áúńsì kan rẹ̀ ń gbà. Kóòtù 650 tí wọ́n fi ìyẹ́ kún dáadáa lè móoru ju 800 tí wọ́n fi díẹ̀ ṣín-ń-ṣín sí lọ, àmọ́ á wúwo jù ú.

Ní òtútù gbígbẹ, n kò tíì rí èyí tó tó o. Ó fúyẹ́, ó ṣeé rún mọ́ ìsàlẹ̀ àpò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí òtútù kò le ju 0 °C lọ, òjò àti yìnyín jọ ń rọ̀ pọ̀. Omi wọ èjìká kóòtù náà, ìyẹ́ ibẹ̀ dì mọ́ra, ojú ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Thinsulate, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá kan, ló wà nínú ti ẹnìkejì mi. Tiẹ̀ náà rin, àmọ́ ó ṣì ń móoru lára rẹ̀. PrimaLoft wà nínú ìran yẹn náà. Torí kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè ní ohun tó máa rọ́pò ìyẹ́, tí omi ò ní sọ dòfo, ni wọ́n ṣe é ní àwọn ọdún 1980. Àléébù irú fọ́nrán àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ ni pé ó wúwo ju ìyẹ́ lọ, tá a bá sì ń rún un sápò lemọ́lemọ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù.

Ẹ má bẹ̀rù −15 °C tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín gbígbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Láàárín 0 °C sí 4 °C, tí gbogbo nǹkan ń yọ́ sára aṣọ, ibẹ̀ ni ìyà wà.

Ìyá Olófà:
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ooru nìkan lẹ mọ̀. Ariwo ńkọ́?

Ọfà lèmi ń ta, ẹran gbọ́dọ̀ sún mọ́ mi dáadáa kí n tó lè ta á. Àgbọ̀nrín kan wá sábẹ́ ègùn mi, ó ń jẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé apá sókè díẹ̀ báyìí, náílọ́nù kóòtù rẹ̀ dún ṣààà. Etí ẹran ló kọ́kọ́ yí sí wa. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ la gbọ́ kẹ́yìn. Òtútù tún máa ń mú kí irú náílọ́nù bẹ́ẹ̀ le gan-gan, ariwo tí kò pa nínú ilé á máa pa á nínú igbó.

Torí náà, kí n tó ra aṣọ, mo máa ń fi èékánná họ ọ́ lójú. Tó bá dún, mo ti kọjá. Wúùlù àti fílíìsì, ìyẹn aṣọ àtọwọ́dá tó rọ̀ múlọ́múlọ́, kì í pariwo, àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń gba inú fílíìsì kọjá, èèmọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Apá aṣọ tó wú náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọsán ọrun á gbá a, ọfà á yà bàrá. Ẹ wọ kóòtù yẹn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín, kí ẹ fa ọrun dáadáa nílé kí ẹ tó gbé e wọ igbó. Ẹ̀yin oníbọn, kóòtù tó nípọn máa ń ti ìdí ìbọn síwájú, kò ní bọ́ sí èjìká yín bó ṣe ń bọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Okùn ààbò tí a fi ń so ara mọ́ igi, ẹ tún un fà kó bá kóòtù mu. Lójú tèmi, jákẹ́ẹ̀tì tí kò lápá, tó nípọn láyà, lábẹ́ aṣọ òkè tó rọ̀, sàn ju kóòtù bàǹtàbanta kan ṣoṣo lọ. Àyà á móoru, apá á sì ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹsẹ̀-Kò-Gbélé:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba àwọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, dandan ni kí ọdẹ wọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò lásìkò ìbọn. Ẹnì kan tá a jọ jáde wọ tiẹ̀ rìn wọ igbó. Nígbà tó gbé kóòtù òtútù wọ̀, ó bo ọsàn náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹlòmíì ló ké sí i láti òdìkejì. Ẹ ra ẹ̀wù ọsàn tó fẹ̀ tó láti wọ̀ lé kóòtù. Kò ní lé ẹran, àgbọ̀nrín kì í rí ọsàn bí àwa ṣe ń rí i. Àwọ̀ aró ló ń rí kedere. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú aṣọ dán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè mú kí aṣọ máa tàn lójú ẹran.

Orí-Ègùn:
Ẹ ṣeun, mà, ẹ bá mi sọ ọ́. Sòkòtò ló kù. Wọ́n á náwó lórí kóòtù tán, wọ́n á wá wọ jíǹsì jókòó lórí irin tútù. Sòkòtò òtútù gan-an, ibi tí ìdí bá tẹ̀ ti fún pọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tán. Fóòmù pẹlẹbẹ tá a fi jókòó ló ń gbani níbẹ̀. Ẹ wá sòkòtò tí síìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn láti ìbàdí dé kókósẹ̀, kí ẹ lè wọ̀ ọ́ láì bọ́ bàtà. Síìpù kóòtù ní tiẹ̀, kó ṣeé ṣí láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti mu tíì púpọ̀ lórí ègùn mọ ìdí.

Adáṣọdẹ, kóòtù tó rin yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti sá a? Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ fi ń gbẹ aṣọ, ooru kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì díẹ̀ sí i, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò títí ọwọ́ yín ò fi ní ba kókó kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ fi kọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má rún un sápò tọ́jú.