Ìdáhùn: "Ohùn òkè" kì í ṣe sòpúránò, "ìṣọ̀kan ohùn" kì í sì í ṣe hámónì

Ẹ̀yin ará wa,

Mo kí ẹ̀gbọ́n wa tó fi àbá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi rọ́pò ọ̀rọ̀ orin Òyìnbó ránṣẹ́ sínú àkójọ wa lọ́jọ́ Ajé. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Fún ẹni tí kò tíì rí i: wọ́n ní ká pe sòpúránò ní "ohùn obìnrin òkè", áótò ní "ohùn obìnrin ìsàlẹ̀", tẹ́nọ̀ ní "ohùn ọkùnrin òkè", báàsì ní "ohùn ọkùnrin ìsàlẹ̀". Hámónì, ìyẹn ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bára mu, di "ìṣọ̀kan ohùn", falsetto, ìyẹn ohùn gíga tí ọkùnrin ń kọ kọjá ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé, di "ohùn èké". Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó sábẹ́ "oríṣi orin tí à ń kọ". Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, áótò ni mo sì ń kọ títí dòní. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi.

Ká mú "ohùn òkè" ná. Ọmọ iléèwé tó ti kọ́ àmì ohùn mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohùn òkè ló wà lórí "wá", ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "wà". Bí báàsì bá kọ "wá", ohùn òkè ló kọ yẹn, bó ti wù kí ohùn ọkùnrin náà rinlẹ̀ tó. Tí ọ̀gá akọrin bá wá ní, "Ẹ ṣọ́ ohùn òkè ní ìlà kejì", ta ló ń bá wí? Ṣé àwọn sòpúránò ni, àbí ẹnikẹ́ni tí àmì òkè bá wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Nínú orin Yorùbá, nǹkan méjèèjì yìí ń pàdé ní gbogbo ìlà. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà.

"Obìnrin" àti "ọkùnrin" náà ò lè dúró. Nínú àṣà àtijọ́ ẹgbẹ́ akọrin àwọn kàtídírà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò tíì di ti àgbà ló ń kọ ohùn tó ga jù lọ láti ayébáyé, àgbà ọkùnrin ló sì ń kọ áótò. Àṣà yẹn dé Èkó. Fẹlá Ṣówándé, olórin àti atẹdùùrù wa tó lókìkí, kọrin lọ́mọdé ní Kàtídírà tó wà ní Marina, lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tó jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá orin níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Ta ló máa wo ọmọdékùnrin bẹ́ẹ̀ lójú pé ohùn obìnrin ló ń kọ?

Àwíjàre ẹ̀gbọ́n wa ni pé ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní nílé ni àwọn tẹ̀ lé, pé "sopra" ni òkè lédè Ítálì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n "alto" náà, gíga ló túmọ̀ sí! Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Láyé àtijọ́, tẹ́nọ̀ ni ohùn tó di orin ìjọsìn mú, torí "tenere" lédè Látìn ni kéèyàn di nǹkan mú. Tẹ́nọ̀ á fa orin náà gùn, àwọn ohùn yòókù á máa yí i ká. Èyí tó ń bá a rìn ni wọ́n ń pè ní contratenor. Láàárín 1400 sí 1500, contratenor yìí pín sí méjì: ọ̀kan gba òkè tẹ́nọ̀ lọ, ó di "altus", èkejì gba abẹ́ rẹ̀, ó di "bassus". Áótò ga ju tẹ́nọ̀ lọ, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Tí a bá wá ń tọ ìtumọ̀ ilé kiri, áótò tí ẹ pè ní "ìsàlẹ̀" á padà di "òkè", tẹ́nọ̀ tí kò di nǹkankan mú mọ́ á máa jẹ́ "adorinmú". Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ gan-an kò gbọ́ ìtumọ̀ yẹn nínú rẹ̀ mọ́. Ẹrù tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, kí ló dé tí àwa á fi gbé e lérí?

Ní tèmi, ká fi sòpúránò, áótò, tẹ́nọ̀ àti báàsì sílẹ̀ bí akọrin ti ń pè wọ́n, bí a ti fi Bíbélì, ṣọ́ọ̀ṣì àti gìtá sílẹ̀. Mẹ́sò tó wà láàárín sòpúránò àti áótò, àti bárítónì tó wà láàárín tẹ́nọ̀ àti báàsì, bákan náà.

Ọ̀rọ̀ hámónì ló dùn mí jù. Tí a bá ní àwọn èèyàn fi ohùn kan kọrin, ohun tí à ń sọ ni pé orin kan náà, ní ojú ọ̀nà kan náà, ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn. "Ìṣọ̀kan ohùn" kò lè jẹ́ nǹkan míì. Òdìkejì hámónì sì nìyẹn, níbi tí ohùn ti yàtọ̀ síra tí wọ́n sì bára mu.

Àbá ẹ̀gbọ́n wa tún sọ pé ìyìn rere ló gbé hámónì wọ ilẹ̀ Yorùbá. Mi ò gbà. Ní Èkìtì níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, mo jókòó ti ìyá àgbà mi níbi àìsùn òkú nígbà tí mo wà ní kékeré. Obìnrin kan gbé orin. Nígbà tí àwọn yòókù máa gbè é, wọ́n pín ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni pín wọn: àwọn kan di ojú orin mú, àwọn kan bọ́ sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀. Abẹ́ ni ìyá àgbà mi wà. Wọ́n di ojú, wọ́n na ọwọ́ òsì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀ bí orin ti ń lọ. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí dùùrù nítòsí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, ohùn kan ni elégbè sábà máa ń kọ, ṣùgbọ́n Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn.

Ẹ sì wo ìdí tí wọ́n fi jọ ń gòkè tí wọ́n jọ ń sọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "igbá". Re-mí ni, ó ń gòkè. Tí sòpúránò bá ń gòkè lórí "igbá", tí a sì kọ áótò bí àwọn Òyìnbó ti ń kọ ọ́, tí ohùn kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀, áótò á kọ re-dò. Ẹni tó jókòó ní apá ọ̀dọ̀ wa nínú ìjọ kò gbọ́ igbá o. Igbà ló gbọ́, èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Bí ìyá àgbà mi bá sì bá a rìn lábẹ́, igbá ni ní òkè, igbá náà ni ní ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni àwọn obìnrin yẹn ń dáàbò bò. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà olórin ìjọ náà ti rí i pé ohùn orin Òyìnbó ń pa ọ̀rọ̀ wa dà: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn, Phillips náà sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn.

Nítorí náà mo fara mọ́ ará wa tó dá "ìbáramu ohùn" lábàá fún hámónì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí tí wọ́n jọ ń lọ tí wọ́n jọ ń bọ̀, mo dá "ìbárìn ohùn" lábàá fún un. Ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ń kọ ọ̀kan náà, "ohùn kan" ti wà nílẹ̀, kò béèrè àtúnṣe.

"Ohùn èké" fún falsetto, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sọnù. Lẹ́nu wa, èké ni ẹni tó ń fi ojú kan hàn ọ́, tó ń fi òmíràn pa ọ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó fara balẹ̀ tẹ ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ga dé ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dé kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́" tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó dá "orin àdákọ" àti "orin àjùmọ̀kọ" lábàá, mo gba àdákọ fún ẹni tó dá dúró kọrin tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìdáhùn bá ti wà, lílé àti ègbè la ní, a ò sì gbọdọ̀ tà á. Ègbè, láti ara "gbè" ni, "gbè" kan náà tó wà nínú "orí mi gbè mí". Elégbè dúró ti ẹni tó ń lé orin ni. Àpàlà, sákárà, wákà, kò sí èyí tó dúró láìsí i. Ní ìdánrawò wa, tí ọ̀gá akọrin bá sọ ti Òyìnbó tán tí nǹkan ò sì lọ déédéé, Yorùbá ni wọ́n máa ń padà sí: "Ta ló ń lé e? Ẹ̀yin elégbè, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀!" Gbogbo ilé á sì jí. Fún bí àwọn olórin fújì ṣe ń yí ohùn po lórí sílébù kan, èyí tí wọ́n gbé wá láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ pé "ó ń fi ohùn dárà". Ẹ jẹ́ ká mú un bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìjálá àti ẹgbẹ́ rẹ̀. A kì í kọ ìjálá. À ń sun ìjálá, à ń sun rárà, à ń sun ìyẹ̀rẹ̀. À ń pe ẹ̀sà, à ń pe ọfọ̀. À ń ki oríkì. À ń ké ewì. "Sun" tí à ń lò fún ẹkún ìyàwó ni "sun" tó wà nínú "sunkún", ọmọbìnrin tó ń dágbére fún ìyá àti bàbá rẹ̀ sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni orúkọ ọnà náà. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sábẹ́ "kọ" ti pa ìmọ̀ tó ju ìwé kan lọ rẹ́. Àwọn onímọ̀ ewì ń pe ọ̀wọ́ yìí ní ìsàré, ó sì tọ̀nà. Mo ta ko àbá pé ká fi ìsàré pe orin bí-ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ nínú ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ní nǹkan bí 1600. Ìyẹn lè jẹ́ "orin àwíkọ". Ìsàré dá dúró. Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, fi í hàn lórí pèpéle ní Òṣogbo: orin wà láyè tirẹ̀, ìsàré wà láyè tirẹ̀, bàtá ń dá méjèèjì lóhùn.

Ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Àkókó tó wà níbí, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín. Ẹni tó bọ́ sábẹ́ orin nígbà tí obìnrin bá ń gbè é, kí ni wọ́n ń pè é nílé yín? Ìyá mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní ìparí oṣù, èmi náà á bi wọ́n. Ẹ má tíì kọ "ìbárìn ohùn" sínú àkójọ wa títí a ó fi gbọ́.