Steaua àbí FCSB? Ẹ kà á kí ẹ tó ra jẹ́sì ní Bucharest

Túndé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ń gbé mi bọ̀ ní Bucharest, olú ìlú Romania, lóṣù tó ń bọ̀, àwọn tí a ó jọ máa ṣiṣẹ́ sì ti ní àwọn máa mú mi lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan ní Steaua lòun ń ṣe, èkejì ní FCSB lòun ń ṣe, àwọn méjèèjì sì ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ló gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 1986. Ta ni kí n gbà gbọ́? Jẹ́sì wo ni mo lè rà tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Wálé, Bucharest
Àbúrò, wàá rìn ín ire o. Má tíì ra jẹ́sì kankan. Ẹgbẹ́ méjì ni àwọn ará ìlú yìí ń pè ní Steaua, ẹjọ́ ogún ló sì wà láàárín wọn. Bó o bá fi ojú ẹjọ́ ogún wò ó, gbogbo rẹ̀ á yé ọ.

Àwọn ọ̀gá ológun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1947. ASA ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ó di CSCA ní 1948, ó di CCA ní 1950, 1961 ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Steaua, tó túmọ̀ sí "ìràwọ̀". Oríṣiríṣi eré ìdárayá ló wà lábẹ́ òrùlé ológun yìí, bọ́ọ̀lù kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Ní 1998 ni wọ́n ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kó máa dá dúró. Ní 2003, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Gigi Becali gba àkóso rẹ̀. Nígbà tó di 2011, iléeṣẹ́ ológun pe ẹjọ́ pé àwọn làwọn ni orúkọ, àwọn làwọn ni àmì, kò sì sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn kó tó máa lò ó. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ológun láre.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní pápá ni kò ṣeé gbàgbé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn, CSMS Iași ni wọ́n gbà lálejò ní Arena Națională. Jẹ́sì yẹ́lò ni wọ́n wọ̀ jáde, kò sí àmì ẹgbẹ́ kankan láyà rẹ̀. Lójú pátákó tí wọ́n ń kọ àmì ayò sí, níbi tó yẹ kí orúkọ Steaua wà, "gazdele" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn "àwọn onílé". Àwọn ló gba líìgì lọ́dún yẹn o, wọn kò sì lè jẹ́ orúkọ ara wọn nínú ilé ara wọn.

Oṣù Kẹta 2017 ni wọ́n yí orúkọ padà sí FCSB. Lọ́dún yẹn kan náà ni ológun tún gbé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn dìde, CSA Steaua, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Liga 4, ìyẹn ìpele kẹrin. Wọ́n gòkè sí Liga 3 ní 2020, wọ́n dé Liga 2 ní 2021, ibẹ̀ ni wọ́n há sí. Owó ìjọba ló ń bọ́ wọn, òfin kò sì jẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ Liga 1, kódà bí wọ́n bá parí sípò òkè.

Jùmọ̀kẹ́, Cluj
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bọ̀dá Túndé, ẹ jẹ́ kí n fi ìyàtọ̀ wọn hàn yín. Àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, pupa àti búlúù, nítorí náà àwọ̀ kò lè sọ fún yín. Àmì tó wà láyà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ Steaua síbẹ̀, ti ológun nìyẹn. Bó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin, FCSB, ti Becali nìyẹn. Àwọn tó ń ta jẹ́sì ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà máa ń po méjèèjì pọ̀, ẹ má rà á níbẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń pe FCSB ní Steaua. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Steaua lòun ń ṣe, ẹ má tíì fèsì. Ẹ bi í pé Liga 1 ni àbí Liga 2. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ ilé tó ti wá. Àwọn tó máa ń dúró sẹ́yìn ilé góòlù, tí wọ́n ń pè ní Peluza Sud, ọ̀dọ̀ ológun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ lé orúkọ lọ. Bí ẹ bá pe FCSB ní Steaua lójú wọn, àbùkù ni lójú wọn.

Túndé
Ẹ ṣé gan-an. Ife 1986 yẹn wá ńkọ́?

Bàbá Kẹ́hìndé
Ọmọ mi, ibi tó dùn jù lo dé yẹn. UEFA kọ ife náà sábẹ́ orúkọ FCSB. CSA Steaua ní ológun ló ni gbogbo ohun tí wọ́n gbà kí wọ́n tó pín. Àwọn akọni tó gba ife náà fúnra wọn kò sí lójú kan: Duckadam, aṣọ́lé wọn, bá ẹgbẹ́ Becali ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lăcătuș lọ ṣe kóòṣì fún ti ológun. Má bá wọn dá sí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá ọ jà sí ni bí wọ́n ṣe gbá a, nítorí náà kọ́ ìyẹn dáadáa.

Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1986 ni, ní pápá Ramón Sánchez-Pizjuán ní Sevilla. Barcelona ni wọ́n kojú, nínú ilẹ̀ Sípéènì gan-an. Olórí ikọ̀, Stoica, kò lè gbá a nítorí káàdì. Emeric Jenei, kóòṣì wọn, wá sọ Anghel Iordănescu tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ di agbábọ́ọ̀lù padà, ó sì wọlé ní abala kejì. Wọ́n gbá 120 ìṣẹ́jú, ọ̀mì ni, òdo sí òdo.

Ó wá kan pẹ́nárítì. Fara balẹ̀ kà á. Majearu ló kọ́kọ́ gbá fún Steaua, Urruti, aṣọ́lé Barcelona, mú un. Alexanko gbá fún Barcelona, Duckadam fò sọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú un. Bölöni gbá, Urruti tún mú un. Pedraza gbá, Duckadam tún fò sọ́tùn-ún, ó tún mú un. Lăcătuș ló kọ́kọ́ rí ojú àwọ̀n: ó fi agbára gbá a, ó ba igi òkè, ó sì wọlé. Pichi Alonso gbá, ọ̀tún náà ni Duckadam fò sí, ó mú un. Balint gbá, ó wọlé. Marcos ló kù. Ẹni tó ti rí aṣọ́lé tó fò sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, ibo ni yóò gbá a sí? Duckadam mọ̀ pé ohun tí Marcos ń rò nìyẹn, ó fò sósì, ó mú un. Àmì ayò 2 sí 0. Mẹ́rin nínú mẹ́rin ló mú.

Ohun kan wà tó ò gbọ́dọ̀ máa tún sọ. Wàá gbọ́ pé ọmọ Ceaușescu, ààrẹ Romania nígbà náà, ló ní kí wọ́n ṣẹ́ ọwọ́ Duckadam lẹ́yìn ìgbà yẹn. Duckadam fúnra rẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Àìsàn òpójẹ̀ ní apá ọ̀tún ló dá a dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan náà. Ó ṣaláìsí ní oṣù Kejìlá 2024, ọmọ ọdún 65. Bó o bá dárúkọ rẹ̀, fi ọ̀wọ̀ dá a.

Ẹ̀gbọ́n Wálé, Bucharest
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Kí n fi ti Dinamo, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mìíràn ní Bucharest, kún un, nítorí ọ̀tá àtijọ́ nìyẹn, ìjà yẹn sì ju eré bọ́ọ̀lù lọ. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tó ń darí ọlọ́pàá, ló dá Dinamo sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1948. Ológun ni Steaua. Apá méjì nínú ìjọba kan náà ni wọ́n, wọ́n sì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù. Ní àṣekágbá ife orílẹ̀-èdè ní 1988, wọ́n wà ní 1 sí 1 nígbà tí Balint jẹ góòlù kan nígbà tí eré ń parí lọ. Rẹ́fírì ní ọ́fúsáìdì ni. Steaua bínú jáde kúrò ní pápá. Valentin Ceaușescu, ọmọ ààrẹ, ló wà lẹ́yìn wọn nígbà náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì gbé ife náà fún Steaua. Nígbà tí ìjọba yẹn ṣubú, Steaua ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, Dinamo náà ní àwọn kò ní gbà á.

Bó o bá bá ará Dinamo jókòó, orúkọ méjì ni kó o mọ̀. Cătălin Hîldan, olórí ikọ̀ wọn, ṣubú ní pápá ó sì kú ní oṣù Kẹwàá 2000, ọmọ ọdún 24. Patrick Ekeng, ọmọ Cameroon, ṣubú ní pápá ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2016, bí ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn tó wọlé, ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà ní ọmọ ọdún 26. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni. Wọn kò fi orúkọ àwọn méjèèjì yìí ṣeré rárá, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́, Cluj
Tíkẹ́ẹ̀tì wá kù. Fún eré ńlá, ẹ múra sílẹ̀ pé orúkọ yín máa wà lórí rẹ̀, kó sì bá ti ìwé yín mu. Àṣìṣe àwọn èèyàn wa ni pé wọ́n á kọ orúkọ tí a ń pè wọ́n nílé, orúkọ mìíràn á wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì mú un dání. Ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní "bișnițari", ìyẹn àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní bòókẹ́lẹ́, lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo apá tí ìjókòó náà wà dáadáa, ẹ má lọ ra ti àwọn àlejò nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Iná àti èéfín tí wọ́n ń tàn lẹ́yìn ilé góòlù, òfin 4 ọdún 2008 kà á léèwọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bá òun di nǹkan kékeré kan mú wọlé, ẹ kọ̀.

Arena Națională gba èèyàn tó lé ní 55,000, nítorí náà ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú. Piața Muncii ni kí ẹ ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ní ìpadàbọ̀ ni wàhálà wà: bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni ọkọ̀ yẹn máa ń dáwọ́ dúró, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ sì lè gbé yín dé etí rẹ̀. Ẹ ti mọ bọ́ọ̀sì alẹ́ tí ẹ máa wọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù pe takisí, ẹ kọ́kọ́ rìn jìnnà sí pápá díẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu ọ̀nà.

Túndé
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé eré Rapid pẹ̀lú FCSB ni, ní Giulești.

Ẹ̀gbọ́n Wálé, Bucharest
Háà, ìyẹn tún yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ló dá Rapid sílẹ̀ ní 1923, àdúgbò Giulești sì ni ilé wọn títí dòní. Líìgì mẹ́ta péré ni wọ́n gbà, 1967, 1999 àti 2003, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn dé góńgó. Ní 2018, nígbà tí àwọn àti CSA Steaua jọ wà ní ìpele kẹrin, èèyàn tó lé ní 36,000 ló wá wo eré wọn ní Arena Națională. Egbò tó ṣì ń dùn wọ́n ni ti 2006, nígbà tí Steaua lé wọn jáde nínú ife UEFA: 1 sí 1 nílé Rapid, òdo sí òdo nílé Steaua, góòlù tí wọ́n jẹ ní ìta ló yanjú ẹ̀.

Sọ̀ ní Crângași. Pápá tuntun náà kéré, bí 14,000 ló ń gbà, tíkẹ́ẹ̀tì á tètè tán. Àwọ̀ wọn ni pupa tó ṣókùnkùn bí èso ṣẹ́rì, tí wọ́n ń pè ní vișiniu. Má wọ búlúù, má wọ pupa títàn. Aṣọ dúdú tàbí eérú ni kó o wọ̀, kí o sì jókòó síbi tí ọ̀rẹ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bá jókòó sí.