Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré mi ń falẹ̀ ní apá kan yàrá

Ẹ̀yin ará, mo kan pákó yí ògiri yàrá mi ká, mo to irin HO (ìwọ̀n kan lára irin ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kékeré) lé e. Nítòsí ibi tí iná ti ń wọ inú irin, ọkọ̀ ń sáré dáadáa. Tó bá dé òdìkejì, ṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

— Iná ò dé ibẹ̀ tó ni. Gbogbo oríkèé irin ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ fa wáyà bàbà méjì tó nípọn gba abẹ́ pákó, kí ẹ wá fi òjé jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibẹ̀ mọ́ irin níbi mélòó kan. Ẹ má ṣi wáyà ọ̀tún àti òsì gbé o, iná á pàdé!

— Ẹ kọ́kọ́ fi sípíríìtì nu ojú irin ná. Ìdọ̀tí dúdú yẹn burú.

— Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n jó gbogbo oríkèé pọ̀?

— Rárá o. Irin máa ń fẹ̀ tí ooru bá mú. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún un.