Lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí sí kọ́ọ̀tù

Ẹ kú ilé o. Látàárọ̀ lẹ ti ń sọ ìtàn àwọn lọ́yà tẹ́ ẹ mọ̀ lórí ìkànnì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. New York ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kú, ó fi ọmọ ọdún 7 sílẹ̀, ni mo bá gba kọ́ọ̀tù ẹbí lọ kí wọ́n lè fún mi níwèé pé ọwọ́ mi lọmọ máa wà. Mo ti kówèé fún wọn tán, àfi bí lẹ́tà ṣe tún dé pé kí n máa bọ̀, wọn ò sọ ìdí. Mi ò sùn mọ́jú, mo ṣáà ń rò ó pé ta ló tún lọ fẹjọ́ mi sùn.

Níbi tá a jókòó sí, màmá dúdú kan rí i bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń gbọ̀n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo mọ Jane Bolin? Mo ní rárá. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ṣe Jane náà nìyẹn. Lọ́yà ni ní ọ́fíìsì tó ń bá ìjọba ìlú New York ro ẹjọ́, 1937 ló débẹ̀, obìnrin dúdú kankan ò ṣe é rí. Ní 1939 La Guardia, méyọ̀ ìlú New York, ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá òun níbi World's Fair, ìpàtẹ ńlá àgbáyé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kó mú ọkọ ẹ̀ dání, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n fẹ́ bá òun wí ni. Ìgbà tó débẹ̀, méyọ̀ ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó búra fún un, ó dadájọ́! Obìnrin dúdú àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 31.

Mo gbé fóònù, mo ń kà nípa ẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tíyá ẹ̀ kú (ibẹ̀ lomi bọ́ lójú mi). Lọ́yà ni bàbá ẹ̀, síbẹ̀ bàbá ò fẹ́ kó ṣiṣẹ́ yẹn, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní kọ́ọ̀tù ti burú jù fún ọmọbìnrin. Ó ṣáà ka ìmọ̀ òfin yanjú ní Yunifásítì Yale ní 1931. Kì í wọ aṣọ adájọ́ torí kẹ́rù má ba àwọn ọmọdé. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó bá ń gbowó ìjọba, ó ní dandan ni kó gba ọmọ dúdú. Ká sọ tòótọ́, èyí wú mi lórí ju "àkọ́kọ́, àkọ́kọ́" yẹn lọ.

Wọ́n wá pe orúkọ mi. Adájọ́ ò tiẹ̀ wojú mi, ọmọ ló kọ́kọ́ bi pé kí ló jẹ kó tó kúrò nílé. Ọmọ ní ẹ̀wà àti dòdò. Ojú ìwé kan ni mo gbàgbé láti sáìnì, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí nìyẹn o.

— (Ẹlòmíì fèsì) Haa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Èmi ní tèmi, lọ́yà obìnrin ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan l'Ékòó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá kan wá torí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní "ọmọ mi, bá mi pe lọ́yà." Mo ní èmi rèé sà. Wọ́n ní "rárá, lọ́yà gan-an." Bẹ́ẹ̀ Stella Thomas, obìnrin bíi tèmi ní Nàìjíríà níbí, ti di lọ́yà láti 1933, ó sì ti di májísíréètì ní 1943 o! Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní àwọn á dúró dè é.