Ta ni "labour" ti ṣì lọ́nà rí?

Ọmọ Ìtòkú: Mò ń ṣe lébìrà ní sáìtì kan ní Obantoko nígbà yẹn. Búlọ́ọ̀kù méjì wà lórí òṣùká, iyanrìn ń dà sí mi lójú, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni: "Bàbá, ìyàwó yín ti wà ní labour o." Inú bí mi. Mo ní, "Obìnrin tó lóyún oṣù mẹ́sàn-án! Ta ló gbé e níṣẹ́ lébìrà? Ẹ ní kó sọ ẹrù náà kalẹ̀!" Ó ní ohun tí gbogbo àwọn ń bá a bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

Tíṣà Asero: Irọ́ pátápátá.

Ìyá Ìbejì: Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ lébìrà náà ni. Wákàtí 16 ni mo fi rọbí àwọn tèmi. Lébìrà a máa jókòó mu gààrí.

Bíríkìlà Àdàtán: Lébìrà tèmi kọ́! Àmọ́ ẹni tó bá pe owó iṣẹ́ mi ní "labour" ti fẹ́ ná mi pa nìyẹn. Workmanship ni, ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Asero: Látìnì ni, "labor", làálàá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni "u" ti bá a wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà wá yọ ọ́ dànù.

Káfíńtà Lafenwa: "U" yẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi yíǹkì pupa fa ìwé mi ya! Fíìmù Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ ọ.

Àbúrò Pánṣẹ́kẹ́: Ẹgbẹ́ òṣèlú Labor ti Ọsirélíà náà ò fi "u" sí i, bẹ́ẹ̀ "labour" ni wọ́n ń kọ nílé níbẹ̀. Kí lẹ máa sọ síyẹn?

Tíṣà Asero: Ẹ bi wọ́n.

Ọmọ Kútọ̀: Oṣù kìíní 2012, ọ̀rọ̀ owó epo. Rédíò ní Labour ti ní ká jókòó sílé. Ìyá àgbà wa ní, "Àwọn lébìrà ló wá ń pàṣẹ fún ìjọba báyìí?"

Bíríkìlà Àdàtán: 😂😂 Ẹ bá mi kí màmá!

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Ìtòkú, kí wá ni ìyàwó bí?

Ọmọ Ìtòkú: Obìnrin. Nọ́ọ̀sì yẹn ti fi fóònù sí gbangba, ìyàwó mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Títí dòní, tí mo bá ní ó rẹ̀ mí, á ní kí n sọ ẹrù kalẹ̀.

Tíṣà Asero: Irọ́ ni mo ṣì ń pè é o.