Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA, NEPA àti ìnfátà: ẹ bá mi wò ó kí n tó náwó

Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, l'Óṣogbo níbí, fésì kan. Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA wà nílẹ̀, ìnfátà 1.5kVA ń bọ̀. Oníwáyà ní ká kàn ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ká pa bírékà NEPA, ó ti parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Wáyà-kò-mọ-ọlọ́jà: Rárá o! Orí méjèèjì wáyà tó máa ti jẹnẹrétọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ló ní ẹnu irin. Tí ọ̀kan bá yọ, 230V ló wà níta gbangba tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn. Ká tún ní ẹnìkan gbàgbé bírékà NEPA: iná á gba mítà jáde. Tiransifọ́mà tó ń sọ 11,000V di 415V lè ṣe é padà sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó sì rò pé kò síná. Tí NEPA bá wá dé lé e lórí, kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ á jó.

Ṣénjófà 63A (ohun tí wọ́n fi ń yan iná NEPA tàbí ti jẹnẹrétọ̀) ni kẹ́ ẹ rà, oníyíyí tó ní I, 0 àti II, tó ń gé láìn (wáyà tó ń gbé iná wá) àti níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) pọ̀. Ẹ má gba èyí tó ń gé láìn nìkan. NEPA sí I, jẹnẹrétọ̀ sí II, ojú àárín tí iná ń gbà jáde sí bọ́ọ̀dù (àpótí bírékà ilé). Wáyà 10mm fún NEPA àti bọ́ọ̀dù, 2.5mm tó fún jẹnẹrétọ̀, torí 2.5kVA kò ju 11A lọ. Áàsì (wáyà tó lọ sínú ilẹ̀) kì í gba inú ṣénjófà kọjá. Kí wọ́n gé iná láti òpó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Òroki: Ìnfátà ló ń da àwọn oníwáyà láàmú jù. Ẹ̀yìn ṣénjófà ni kó ti máa gbaná, kí iná tó ń jáde lára rẹ̀ ní bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀: gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n. Níútírà bọ́ọ̀dù yẹn kò gbọdọ̀ pàdé níútírà ilé. Tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, ìnfátà lè jó lọ́jọ́ tí NEPA bá dé. Bátìrì 24V tó ń gba 15A ń jẹ tó 400W, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kún un lórí jẹnẹrétọ̀.

Òkè-Baálẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Tí a bá fẹ́ yí ṣénjófà náà ńkọ́?

Wáyà-kò-mọ-ọlọ́jà: Ẹ kọ́kọ́ pa firíìjì àti gbogbo ohun tó ń jẹná, ẹ yí i sí 0. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó yí i sí II, kẹ́ ẹ wá máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Yíyí i nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná máa ta pàrà nínú rẹ̀, tí irin á fi jẹ. Tí NEPA bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Lóòótọ́, ìlú wa yìí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, àmọ́ kò ní kó má dé pẹ̀lú fóòtì (agbára iná) gíga.

Ọmọ Òroki: Ẹ ní kí wọ́n tún àwọn ìdè wáyà inú ṣénjófà náà fún lẹ́yìn oṣù kan. Ìdè tó dẹ̀ ló ń gbóná, tí ike á fi yọ́. Tí ọwọ́ ṣénjófà bá le tàbí tó ń rùn bí ike tó jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta gbangba, mítà mẹ́fà sí fèrèsé; kì í ṣe kọ́rídọ̀ o.